Pàṣán wo ló rọ̀? Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ wa

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú yín kọ sórí WhatsApp ẹbí wa lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kò jẹ́ kí n sùn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀. Ó ní kí á máa dúpẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló gba ilẹ̀ wa, pé ká ní Spéìn ni, wọn ì bá ti pa wá run bí wọ́n ṣe pa àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì fi owó ra ilẹ̀ níbẹ̀ ni, Spéìn ló fi idà gbà á. Ènìyàn 11 ló pàtẹ́wọ́ fún un. Mo kà wọ́n.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì ju ẹ̀rù kan ṣoṣo lọ tó ń bà mí lórí yín: kí ẹ má lọ di ẹni tó ń wo pàṣán méjì, tó ń yan èyí tó rọ̀.

Pé Spéìn ṣìkà, ta ló ń jiyàn? Columbus gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà fún Spéìn ní 1492. Kí àádọ́ta ọdún tó pé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù nínú àwọn Taíno tó ni erékùṣù Hispaniola. Wọ́n pín ènìyàn láàárín ara wọn bí ẹni ń pín ẹran iléyá, encomienda ni wọ́n pe ìpín náà: àwọn wọ̀nyí ni tìrẹ, kí wọ́n máa wa wúrà fún ọ, kí ìwọ máa kọ́ wọn ní àdúrà. Ní 1513 wọ́n kọ ìwé kan tí ọ̀gágun gbọ́dọ̀ kà sétí ìlú kó tó kọlù ú, pé kí wọ́n tẹrí ba fún póòpù àti ọba Spéìn, bí wọ́n bá kọ̀, ẹ̀bi ikú wọn di ti ara wọn. Èdè Spéìn ni wọ́n fi ń kà á fún ẹni tí kò gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, igi nìkan ló wà nítòsí. Ní Mẹ́síkò, Olóde ló fi àrùn jà fún Cortés, ọ̀gágun Spéìn, ní 1520. Ẹ mọ ẹni tí mò ń wí, mi ò ní pe orúkọ rẹ̀.

Ní Kúbà, wọ́n so Hatuey, olórí kan nínú àwọn Taíno, mọ́ òpó láti dáná sun ún. Àlùfáà ní kó gba ìgbàgbọ́ kó lè wọ ọ̀run rere. Ó béèrè bóyá àwọn ará Spéìn náà ń lọ síbẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó dára nínú wọn. Ó ní òun ò lọ.

Ẹ dúró ná. Ta ló kọ ọ̀rọ̀ Hatuey sílẹ̀? Ọmọ Spéìn ni, àlùfáà Bartolomé de las Casas, ẹni tí òun náà ti gba ìpín ènìyàn rí. Ní 1511 àlùfáà mìíràn, Antonio de Montesinos, ti bi àwọn ọlọ́lá tó jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Santo Domingo pé ṣé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ènìyàn ni. Wọn ò dá ilẹ̀ padà o. Ṣùgbọ́n àárín ara wọn ni àròyé náà ti jáde. Las Casas tẹ ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ jáde ní 1552. Nígbà tó di 1583, Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tiwọn, wọ́n sì rí ohun tí wọn yóò máa fi bú ọ̀tá: ẹ wo ìkà, àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni ọmọ wa gbé wá sórí fóònù. Ẹnu ẹni tó fẹ́ lọ gba ilẹ̀ tirẹ̀ ló ti jáde. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn ìwé yẹn, ní 1585, Gẹ̀ẹ́sì dé etíkun Roanoke ní Amẹ́ríkà. Ife fàdákà kan sọnù. Ife kan! Àwọn ènìyàn Richard Grenville dáná sun ìlú Aquascogoc àti ọkà tó wà lóko wọn.

Ẹ má máa pàtẹ́wọ́ fún ohun tí ẹ ò kà.

Ẹ tún wo ti Tisquantum, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ náà. Ní 1614 ọ̀gákọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tan òun àti bí ogún ènìyàn wọ ọkọ̀, ó kó wọn lọ tà ní Málaga. Ní Spéìn! Gẹ̀ẹ́sì jí i, ọjà Spéìn ló gbé e dé. Nígbà tó rọ́nà padà sílé ní 1619, àrùn ti pa gbogbo ará ìlú rẹ̀, Patuxet. Orí ahoro yẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá ní 1620 tẹ Plymouth dó sí, òun náà ló kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ẹja sí ebè kí àgbàdo lè yọ. Ọmọ mi, nínú àwọn méjèèjì, ta ni kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Massasoit, ọba ibẹ̀, bá wọn mulẹ̀ ní 1621. Ní 1676 wọ́n gé orí ọmọ rẹ̀, Metacom, wọ́n gbé e kọ́ sórí òpó ní Plymouth kan náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ta ọmọ Metacom sóko ẹrú. Ọmọ ọmọ ẹni tó gbà wọ́n lálejò! Àwọn Pequot, onílẹ̀ mìíràn, ńkọ́? Ní 1637 wọ́n dáná sun odi wọn ní Mystic ní ìdájí, tọmọdé tìyá. Ọkọ̀ tó ń jẹ́ Desire kó ẹrú Pequot lọ sí Karibíánì, ó kó ènìyàn dúdú bọ̀ ní 1638. Ẹ ṣì ń sọ pé ọ̀rọ̀ wọn ni, kì í ṣe tiwa?

Ìyàtọ̀ wà, mi ò sọ pé kò sí. Ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ ni Spéìn ń wá, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ kí onílẹ̀ wà nítòsí, tó ń ṣèrìbọmi fún un, tó ń bá a bímọ. Ilẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń wá, ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ wá di ìdíwọ́. Ṣé èyí ni ẹ fẹ́ fún ní àmì-ẹ̀yẹ? Ẹ jọ̀ọ́, ó sú mi!

Ìyá bàbá mi jẹ́ ọmọdébìnrin ní Ìjẹ̀bú nígbà ogun Ìmàgbọn, tí Gẹ̀ẹ́sì kọlù wọ́n ní 1892. Mo bá a láyé. Bí àrá bá sán, màmá á di etí méjèèjì, á máa gbìyànjú láti wọ abẹ́ ibùsùn pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Àwa ọmọdé á máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún mi lábẹ́ ibùsùn yẹn pé ìbọn tí kì í sinmi ni òun ń gbọ́, kì í ṣe òjò. Kò gbọ́ orúkọ Spéìn rí títí ó fi kú. Ẹ rán mi sí i nígbà náà, kí n lọ sọ fún un pé kó dúpẹ́.

Ẹ lọ bi àwọn ìyá àgbà yín léèrè ohun tí wọ́n bá ti ẹnu ìyá wọn gbọ́, kí wọ́n tó lọ.

Ìwọ tó kọ ọ́, má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kúrò lórí fóònù, mo ti kà á ná. Wá lọ́jọ́ Sátidé, ká jọ jiyàn lójúkojú. Bàtà tí o gbàgbé níjọ́ Ojúde Ọba ṣì wà lábẹ́ ibùsùn màmá.