Má Pè É Ní Ọ̀lẹ Mọ́

Àdùnní ọ̀rẹ́ mi,

Ó tọ́jọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà nínú ilé? Ara àwa náà le níbí, a dúpẹ́.

Mo rí èsì rẹ sí fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ láti etí igbó Cahuita, ní Costa Rica níbí, ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. O ní irú ọ̀lẹ ẹranko wo ló so rọ̀ sórí igi báyẹn, àbí ó ń ṣàìsàn ni. Kò ṣàìsàn rárá. Sloth ni, ẹranko onírun kan tó ń gbé orí igi, tí ìrìn rẹ̀ sì lọ́ra gan-an. Ọ̀rọ̀ “ọ̀lẹ” tí o lò yẹn ló dùn mí díẹ̀, torí gbogbo ayé ló ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sì tọ́ sí i.

Ṣé o mọ̀ pé ewé ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀? Ewé kì í fún ara lókun púpọ̀, ó ṣòro kó dà nínú, àwọn igi míì tilẹ̀ ní oró nínú ewé wọn kí ẹranko má baà jẹ wọ́n tán. Ikùn sloth pín sí yàrá-yàrá, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló sì ń bá a fọ́ ewé náà díẹ̀díẹ̀. Ewé tó bá jẹ lónìí lè tó oṣù kan kó tó dà tán. Ẹni tí owó rẹ̀ ń wọlé ní ẹ̀kán-ẹ̀kán báyẹn, ṣé ó yẹ kó máa ná ìnákúnàá? Ohun tí sloth kì í ṣe nìyẹn. Kì í sáré, kì í fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka bí ọ̀bọ. Kódà, kì í lo agbára púpọ̀ láti mú ara rẹ̀ gbóná bí tiwa: bí ojú ọjọ́ bá tutù, ara rẹ̀ náà á tutù, bí oòrùn bá ràn, á gòkè lọ yá a.

Ti oorun tí wọ́n ń fi sọ ọ́ lẹ́nu náà ńkọ́? Àwọn tí wọ́n sé mọ́nú àgọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìṣesí ọpọlọ lé orí àwọn tó wà nínú igbó gan-an ní Panama, orílẹ̀-èdè tó bá Costa Rica pààlà, tí wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2008, oorun wọn kò tó wákàtí 10 lóòjọ́. Èmi mọ ènìyàn tó ń sùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú ara mi rí. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni sloth máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti yàgbẹ́. Mo bá ọ̀kan pàdé láàárọ̀, irú èyí tó ní èékánná mẹ́ta lọ́wọ́ iwájú (àwọn kan wà tó jẹ́ méjì ni tiwọn). Ó kọ ìdí sí ìsàlẹ̀, ó di igi mú, ó ń sọ̀ bọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó dé ìdí igi, kò fi igi sílẹ̀. Ó rọ̀ mọ́ ọn bí ẹni dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó wá ń fi ìrù kúkúrú yẹn gbẹ́lẹ̀, ó ń jù ú sọ́tùn-ún sósì títí ihò kékeré fi wà níbẹ̀. Ó ṣe tán, ó fa ewé gbígbẹ bò ó, ó sì padà sókè. Ikùn tó rí rogodo nígbà tó ń bọ̀ ti rọlẹ̀ pátápátá. Mo sún mọ́ ọn débi tí mo fi rí àwọn àfòpiná kéékèèké tó ń rìn nínú irun rẹ̀. Inú irun yẹn ni wọ́n ń gbé, inú ìgbẹ́ tó yà sílẹ̀ yẹn ni wọ́n sì ń yé ẹyin sí.

Irun náà nìkan tó ìwé kan. Dípò kó dojú kọ ikùn bíi ti ẹranko yòókù, láti ikùn ló ti ń hù lọ sí ẹ̀yìn, kí òjò lè ṣàn kúrò lára ẹni tó ń doríkodò ní gbogbo ìgbà. Irú nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń bo òkúta inú omi sì ń hù sára rẹ̀, ìyẹn ni ara rẹ̀ ṣe dà bí ewéko lójú. Ẹyẹ idì ńlá inú igbó tó máa ń pa á jẹ, harpy, ojú ló fi ń ṣọdẹ jù. Ohun tí kò mira, tí àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti igi mu, ó ṣòro kó rí i.

Ọrùn rẹ̀ náà yà mí lẹ́nu. Àgùnfọn, pẹ̀lú gbogbo gígùn ọrùn rẹ̀, eegun 7 ló wà níbẹ̀, bíi tèmi tìrẹ. Sloth oní-èékánná mẹ́ta ní 8 tàbí 9, ó lè yí orí wẹ̀yìn láìyí ara padà. Ó tún mọ omi í wẹ̀ dáadáa, ó yá nínú omi ju orí ilẹ̀ lọ. Àwọn ìbátan rẹ̀ ayé àtijọ́ tilẹ̀ wà tó tóbi bí erin, orí ilẹ̀ ni wọ́n ń rìn. Gbogbo wọn ti kú run láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún sẹ́yìn. Àwọn kékeré orí igi yìí ló ṣẹ́kù.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ilẹ̀. Sloth kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àfi kó máa wọ́. Bí wọ́n bá gé igi láti la títì, tí ẹ̀ka kò kan ẹ̀ka mọ́, dandan ni kó sọ̀ kalẹ̀, ajá lè pa á, mọ́tò lè tẹ̀ ẹ́. Tàbí kó di wáyà iná mú, kó rò pé ẹ̀ka ni. Àwọn kan níbí ti ń ta okùn kọjá lókè títì kí ó lè gba orí rẹ̀, inú mi sì ń dùn gan-an bí mo bá rí i. Ní 2021, orílẹ̀-èdè yìí fi í ṣe ọ̀kan nínú àwọn àmì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n igi ló nílò jù. Ní Panama, oríṣi kan tó kéré jù wà tó jẹ́ pé erékùṣù kan ṣoṣo, Escudo de Veraguas, ló ń gbé láyé yìí. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oríṣi tirẹ̀, ó sì ti wà nínú ewu àkúrun báyìí.

Nítorí náà, fọ́tò tí o ní kí n bá ọ ṣètò nígbà tí o bá wá, èyí tí wàá gbé e mọ́ àyà, jọ̀ọ́ má bínú, mi ò ní ṣe é. Inú igbó ni wọ́n ti ń jí àwọn tí àwọn arìnrìn-àjò ń gbé yẹn, wọ́n máa ń já ọmọ gbà lára ìyá. Bẹ́ẹ̀, oṣù mélòó kan ni ọmọ fi ń so mọ́ ikùn ìyá rẹ̀ tó ń kọ́ ewé tó yẹ ní jíjẹ. Àyà rẹ̀ sì ń já bí ènìyàn bá gbá a mú. Dídúró jẹ́ẹ́ rẹ̀ yẹn ló ń mú kí wọ́n rò pé ó gbádùn rẹ̀.

Wá, a ó jọ dúró lábẹ́ igi. Mú awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀ọ́kán dání, èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti fọ́. Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, kí o sì sọ oṣù tí o máa wá fún mi kí n lè tètè gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bísí