Ẹnu Santana ló yẹ kọ́rọ̀ náà ti jáde

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òṣìṣẹ́ yín, ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà kan tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi kọ̀wé. Ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín sọ pé òun àtàwọn ọmọ òun tún ń wo Glee láti ìbẹ̀rẹ̀, eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó dá lórí ẹgbẹ́ akọrin ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Lima, ìpínlẹ̀ Ohio. Wọ́n ti wò ó débi tí àṣírí Santana Lopez, ọ̀kan nínú àwọn akọrin náà, ti tú, pé obìnrin bíi tirẹ̀ ló nífẹ̀ẹ́. Ó wá ní oore ni Finn, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó tú u fó, ṣe ọmọ náà, pé ká ní kò sọ ọ́ síta ni, Santana ì bá máa fi ara rẹ̀ pamọ́ títí. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lórí bọ́ọ̀sì, nígbà tí mò ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ní ọsibítù, kò sì gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ.

Fún ẹni tí kò wò ó, oṣù kọkànlá ọdún 2011 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàfihàn ibi tí àṣírí náà ti tú lórí Fox, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kan. Naya Rivera ló ṣe Santana, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ ni Santana, kò sí ẹni tí kò lè bú nílé ẹ̀kọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń wò ó bọ̀ mọ ohun tó wà lábẹ́ èébú náà. Láti oṣù kẹta ọdún yẹn ló ti dúró ti Brittany ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kọ́rídọ̀, tó ń sunkún, tó ń sọ fún un pé ìfẹ́ tí òun ní sí i kọjá ti ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ àti ojú tí wọ́n á máa fi wo òun. Ó ti rí ohun tójú Kurt rí nílé ẹ̀kọ́ kan náà, nítorí pé ọkùnrin ni Kurt ń fẹ́ràn. Wọ́n ń tì í gbá mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn, títí ó fi kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹ má pe Santana ní ojo. Ó ń wo ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ni.

Wàyí o, Santana ti ń fi Finn ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan, ó ń bú u pé ó sanra, pé kò mọ ijó jó. Inú bí Finn. Ó dúró ní kọ́rídọ̀ níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà kọjá, ó sì la ohùn sí i pé kí ló dé tí kò jáde kó sọ irú ẹni tó jẹ́. Ó pè é ní ojo, ó sì dárúkọ Brittany mọ́ ọn. Ọmọbìnrin kan wà nítòsí tó gbọ́, ẹbí ọmọ náà kan sì ń du ipò aṣòfin pẹ̀lú Sue, kóòṣì Santana. Kò pẹ́ tọ́rọ̀ fi wọ inú ìpolówó ìbò tí ẹbí náà fi ń ta ko Sue. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ibi tó kàn ni mo fẹ́ ká dúró sí. Wọ́n pe Santana sí ọ́fíìsì. Àgbàlagbà mẹ́ta ló bá níbẹ̀: Sue, Ọ̀gbẹ́ni Schuester olùkọ́ orin, àti bàbá Kurt, tí òun náà ń du ipò yẹn. Kò sí ẹni tó jágbe mọ́ ọn nínú wọn. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti fẹ́ dé orí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, ẹnu rẹ̀ wọ́lẹ̀. Omi lé sí i lójú. Ohun tó rí sọ ni pé òun ò tíì sọ fún àwọn òbí òun pàápàá, ó sì sáré jáde. Ọmọbìnrin mi jókòó tì mí ní pálọ̀ lọ́jọ́ tá a wò ó, ọmọ ọdún 15 ni nígbà náà. Ìrọ̀rí àga ló fi bojú.

Nígbà tí Santana kọrin tán lọ́jọ́ náà, ó kọjú sí Finn. Finn fèsì pé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì kan ẹnikẹ́ni. Santana ní kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ nìkan mọ́, pé gbogbo èèyàn ló máa mọ̀ báyìí. Ló bá gbá a létí.

Àwa tá a fẹ́ràn eré náà fà á títí nígbà yẹn, a ṣì ń fà á. Àwọn kan ní Santana ló kọ́kọ́ ń bú u. Òótọ́ ni, èébú rẹ̀ sì burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bú ọ, o lè bú u padà, o lè lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Wíwọ inú àyà rẹ̀ lọ mú ohun tó fi pamọ́ jáde kì í ṣe ẹ̀san èébú. Àwọn mìíràn ní gbogbo èèyàn ló kúkú mọ̀. Èyí ló máa ń dùn mí jù. Káwọn èèyàn máa fura sí nǹkan yàtọ̀ sí kí ẹni tó ni ín la ẹnu sọ ọ́. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Bí ọmọbìnrin kan bá lóyún, gbogbo àdúgbò lè ti rí i lára rẹ̀, ta ló máa wá dìde nínú wọn láti lọ kéde rẹ̀ fún ìyá ọmọ lójú ọjà?

Nǹkan tí mo ń sọ yìí kì í ṣe eré lásán. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, ọmọ ọdún 18 kan ní Yunifásítì Rutgers, ní New Jersey, pa ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá fi kámẹ́rà kọ̀ǹpútà ṣọ́ òun àti ọkùnrin kan, tó sì lọ sọ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìròyìn náà mi gbogbo Amẹ́ríkà. Finn fúnra rẹ̀ sọ nínú eré pé ẹ̀rù ń ba òun kí Santana má lọ para rẹ̀. Lẹ́yìn tó ti tú u fó tán lẹ̀rù wá ń bà á.

Mo mọ irú ẹ̀rù yẹn. Mo wà ní fọ́ọ̀mù fó, ní ilé ẹ̀kọ́ tá a ti ń gbé inú ọgbà, nígbà tí mo rí lẹ́tà kan lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ tá a jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì olókè-àti-ìsàlẹ̀. Ọmọbìnrin bíi tiwa ló kọ ọ́ sí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ju ti ọ̀rẹ́ lọ. Mo mú un lọ fún mátíróònù. Mo rò pé wọ́n máa pè é sí kọ̀rọ̀, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀, wọ́n á gbàdúrà fún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ka lẹ́tà náà lórí ìlà, níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, láti orí "olólùfẹ́ mi" títí dé ibi tó fọwọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ mi dúró níwájú, ó ń fi ìka lọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó ń lọ́ ọ títí tí òwú fi yọ. Bàbá rẹ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Jímọ̀. Kò padà wá mọ́. Oore ni mo rò pé mo ṣe. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè gba ọ̀rọ̀ òǹkàwé yín.

Ní apá tó tẹ̀ lé ìgbátí yẹn nínú eré náà, Finn ló parọ́ kí wọ́n má baà lé Santana fúngbà díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, ó ní àwọn ń ṣeré ni. Ó wá ní kí Santana àti ẹgbẹ́ akọrin mìíràn tó ti lọ dara pọ̀ mọ́ padà wá sáàárín àwọn, káwọn jọ fi orin fún Santana níṣìírí. Òun náà kọrin fún un, Santana sì dì mọ́ ọn. Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ẹni tó fa ọgbẹ́ di oníṣègùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa bínú sí àwọn tó kọ eré náà nítorí ìyẹn, àwa la sì jàre. Àwọn òbí Santana ńkọ́? Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi sọ fún wa pé òun ti sọ fún wọn, pé kò burú. Wọn ò jẹ́ ká rí wọn nígbà yẹn. Ohun tí ọmọ náà tìtorí ẹ̀ sunkún ní ọ́fíìsì, wọ́n fò ó dá.

Ìyá àgbà rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi hàn wá nígbà yẹn. Ivonne Coll ló ṣe é, òṣèré ọmọ Puerto Rico, ó sì ṣe é débi pé n óò bura pé mo mọ ìyá náà nílé. Santana jókòó níwájú rẹ̀, ó sọ fún un pé obìnrin lòun nífẹ̀ẹ́, pé bí ogun ló ń rí fún òun lójoojúmọ́ láti máa tì í mọ́nú. Ìyá ní kó jáde nílé òun, òun ò fẹ́ rí i mọ́. Nígbà tí ọmọ béèrè ìdí, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ kò sí nínú nǹkan náà gan-an, pé nínú kí ayé máa sọ ọ́ lẹ̀ṣẹ̀ wà. Ẹ̀yin Yorùbá tó ń ka lẹ́tà yìí, ṣé ẹ ò gbọ́ ohùn ilé wa níbẹ̀? Kí laráyé máa wí. Ẹ̀rù ohun tí ayé máa wí ni ìyá náà ń bà, kò wo ọmọ tó jókòó níwájú rẹ̀. Ohun tí ayé máa wí yẹn náà sì ni Finn gbé sáfẹ́fẹ́ ní kọ́rídọ̀.

Ó lé lọ́dún mẹ́ta kí ìyá yẹn tó yí padà. Ní oṣù kejì ọdún 2015, níbi ìgbéyàwó Santana àti Brittany, ó wá. Indiana ni wọ́n lọ ṣe é nínú eré, torí òfin Ohio kò tíì gbà á nígbà yẹn. Kò sọ pé èrò òun ti yí padà lórí gbogbo ẹ̀. Ó ní ẹbí ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn kan nínú wa ní Santana tètè dárí jì í. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ló ni àforíjì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kó ni àṣírí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn yín ò fara mọ́ kí obìnrin fẹ́ obìnrin. Mi ò kọ̀wé yìí láti bá wọn fa ìyẹn. Ní Nàìjíríà, òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí i bí ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì bá ṣègbéyàwó. Níbi tírú òfin bẹ́ẹ̀ wà, ẹni tó bá tú ọmọ ọlọ́mọ fó kò mọ ọwọ́ ẹni tọ́rọ̀ náà máa bọ́ sí, bí Finn ò ṣe mọ ẹni tó ń kọjá lọ.

Mi ò dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ wa nínú lẹ́tà yìí, mi ò dárúkọ ọ̀rẹ́ mi, mi ò sì kọ orúkọ tèmi, kí ẹnikẹ́ni má baà fi tèmi wá tirẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bó bá ń ka ìwé ìròyìn yín níbikíbi tó wà, ó mọ ẹni tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo mú lẹ́tà náà.

Òǹkàwé yín,
Peckham, London