Ẹja sísun kò lòdì sí èso

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Inú mi ìbá dùn bí ojú ewé oúnjẹ yín bá lè ṣàlàyé fún àwọn òǹkàwé pé ata díndín nìkan kọ́ ló bá ẹja sísun mu. Àwọn ará Mẹ́síkò ní ọbẹ̀ tútù kan tí wọ́n ń pè ní sálsà, a sì lè fi èso ṣe é. Ní ilé mi, máńgòrò tó pọ́n ṣùgbọ́n tí kò tíì rọ̀ ni mo máa ń gé kéékèèké pọ̀ mọ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àlùbọ́sà àti ata rodo kan, tí màá sì fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Nígbà kan, mo fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà pa èpìyà lára mọ́jú, àṣìṣe gbáà ni. Ara ẹja náà di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, nítorí pé èròjà kan wà nínú èso yìí tó máa ń jẹ ẹran. Orí àwo ni kí ẹja àti èso ti pàdé. Èédú tí eérú funfun ti bò ló dára jù, kí a sì nu ẹja náà gbẹ, kí a fi òróró pa á, kí ó má baà lẹ̀ mọ́ irin.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn