Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú wa ká: ìwé ẹ̀bẹ̀ àwa tí a ń rán báàgì ìrìnàjò àti àpò ọdẹ

Sí Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa àti gbogbo káńsílọ̀, n'Ìbàdàn níbí.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa. Àwa tí a ń rán báàgì ìrìnàjò, àpò ọdẹ, tapólì ìbòjò àti báàgì táwọn ọlọ́kadà fi ń gbé oúnjẹ kiri là ń kọ̀wé yìí. Láàárọ̀ Mọ́ńdè a débi iṣẹ́, a bá X pupa lára ṣọ́ọ̀bù wa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, wọ́n ní a ti sún mọ́ gọ́tà jù, ọjọ́ méje péré la ní ká fi kúrò.

A ò bá yín jà lórí gọ́tà o. Ta ló lè gbàgbé 26 oṣù kẹjọ 2011 n'Ìbàdàn yìí, omi gbé ilé, ó gbé afárá, èèyàn tó bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún, àwọn àgbà àárín wa sì tún mọ ti odò Ògùnpa tó kún ní 1980. Tẹ́ ẹ bá ní a ti sún mọ́ ojú omi jù, òótọ́ ni, a máa kúrò. Ẹ ṣáà jẹ́ ká jọ kó lọ síbì kan náà.

Ẹni tí ò mọṣẹ́ wa lè rò pé tẹ́lọ̀ ṣá ni wá, pé kálukú lè gbé máṣínì ẹ̀ lọ sábẹ́ igi kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹnìkan ló ń gé kánfáàsì, ẹlòmíì ló ń fi ṣíìpù sí i, ẹlòmíì ló ń kan bọ́tìnnì onírin, máṣínì ńlá tó lè gún kánfáàsì ìlọ́po mẹ́rin sì rèé, ẹyọ kan ṣoṣo la ní, èésú la jọ dá ká tó rí i rà. Ibi tí okùn èjìká ti so mọ́ ara báàgì, onígun mẹ́rin la máa ń rán ibẹ̀, ká tún wá rán an kọjá láti igun dé igun, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹrù ń fà, òwú náílọ́ọ̀nù la sì ń lò torí òwú lásán máa jẹrà tí òjò bá ń pa á lóko. Máṣínì tó ń rán bùbá ò lè ṣe é, abẹ́rẹ́ ẹ̀ á kán. Tẹ́ni tó ń gé bá wá wà l'Ápáta, tí máṣínì ńlá wà ní Ìwó Road, owó ọkọ̀ á ti jẹ èrè tán kí báàgì kan tó parí.

Òfin 1999 ló gbé ọ̀rọ̀ ọjà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀yin la wá bá. Ilé gbọọrọ kan wà lẹ́yìn ọjà wa tó ti wà ní títì tipẹ́, ewúrẹ́ ló ń sùn lábẹ́ òrùlé ẹ̀. Ẹ yá wa níbẹ̀, a máa san owó ṣọ́ọ̀bù lóṣooṣù, a ò tọrọ ọ̀fẹ́. Kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ méje yẹn di oṣù méjì fún wa, torí iṣẹ́ oníṣẹ́ wà nílẹ̀ tí a ti gba owó ẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ wa mẹ́ta sì fẹ́ gba fríídọ̀mù lóṣù tó ń bọ̀, àwọn òbí wọn ti ra aṣọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹnìkan wá wo ibi iṣẹ́ wa kọ́jọ́ náà tó pé. Aago méje àárọ̀ la máa ń ṣí.

Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.