Ẹ̀rọ tí ẹ ní ẹ ti tún ṣe kò tíì ka VCD

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò ní kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ mi síbí, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá pè yín ni ẹ máa ń ní kí n kà á. Ó yẹ kó ti wà nínú kọ̀ǹpútà yín báyìí, àfi tó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń fi etí gbà á ni.

Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo ṣì ń sọ. Ẹ̀rọ yìí ń ka DVD dáadáa. Kò ka VCD, kò ka CD orin. Tí mo bá ti VCD bọ̀ ọ́, á yí díẹ̀, á dúró, á tún yí, á wá kọ "No Disc" sójú tẹlifíṣọ̀n.

Ọmọkùnrin yín tó máa ń gbé fóònù ní àwo mi ló dọ̀tí. Mo ní mo ti nù ún. Ó ní kí n tún un nù. Mo ní àwo kan náà ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ aládùúgbò mi. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, nǹkan ìgbàlódé ni, kò lè tètè yé yín." Lẹ́yìn náà ló gbé mi sórí orin, mo gbọ́ orin náà títí káàdì mi fi tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò yé mi. Iná léésà méjì ló wà nínú orí tó ń ka àwo. Gígùn ìgbì iná ti CD àti VCD jẹ́ 780 náńómítà (tí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni náńómítà), ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ti DVD pupa, 650 ni. Tí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìlà ara CD fi 1.6 nínú rẹ̀ jìnnà síra, ti DVD kò ju 0.74 lọ, ìdí nìyẹn tí DVD fi ń fẹ́ iná tó mú ju ti CD. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò wa ní lẹ́ǹsì kan ṣoṣo ni iná méjèèjì ń gbà kọjá. Tó bá jẹ́ ìdọ̀tí ló bo lẹ́ǹsì, ṣé DVD nìkan ni yóò máa ríran? Iná CD ló kú. Bàbá náà kò tilẹ̀ tú u, kí wáráńtì mi má bàa bàjẹ́. Ó bọ̀wọ̀ fún wáráńtì yín ju ẹ̀yin fúnra yín lọ.

Ẹ ṣèlérí pé ẹnìkan ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó. Kò sẹ́ni tó yọjú. Nígbà tó di alẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ yín wọlé: kí n fún iṣẹ́ yín ní máàkì láti 1 dé 5. Ẹ kú ìgboyà!

Nígbà tó yá, ẹ gbà kí n gbé e wá sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Ẹ dá a padà pẹ̀lú ìwé tó ní ẹ ti dán an wò, ó ti dára. Mo ṣí i, mo bá àwo tí ẹ fi dán an wò nínú rẹ̀. DVD ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á!

Iṣẹ́ tí mò ń jẹ ni kí n máa kó fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú àtijọ́ kúrò lórí VCD bọ́ sórí fláàṣì. Ìyàwó kan gbé tirẹ̀ wá, wọ́n fi bírò dúdú kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sí ara rẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ tó ti kú wà níbẹ̀. Ó ń bi mí léèrè, ẹ̀yin náà ẹ sọ ohun tí n óò dá a lóhùn.

Ẹ pààrọ̀ orí ẹ̀rọ náà, kí ẹ fi VCD dán an wò lójú mi, tàbí kí ẹ dá owó mi padà ní pípé. Mo fún yín ní ọjọ́ 14. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti máa gbèjà oníbàárà, ni yóò bá yín sọ̀rọ̀, ìwé wọ́kíṣọ́ọ̀bù yín yóò sì wà nínú ẹ̀sùn mi. Gbogbo àwa onífídíò tí a jọ wà lórí WhatsApp náà yóò kà á.

Tí ẹ bá máa pè mí, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọmọkùnrin yẹn o.

Èmi ni,
Ìyá Bọ̀dé onífídíò,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.