Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ Má Fi Wọ́n Sílẹ̀ Ní Àwọn Nìkan

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọ̀kun o!

Ní ìjọ wa káàkiri Yàgbà àti Ìjùmú, bí orí ẹnìkan bá dàrú, ẹjọ́ ló máa ń dá sílẹ̀ nínú ẹbí. Ẹ̀gbọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Àbúrò tó ti kàwé á ní abẹ́rẹ́ dókítà ló nílò. Ìyá á ní ìrònú iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Àwọn oníṣègùn náà ti ń ja irú ìjà yìí tipẹ́. Kraepelin ní Jámánì ní inú ọpọlọ ni àìsàn náà wà. Freud ní Vienna ní kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí dókítà bá gbà gbọ́ ni aláìsàn yóò rí gbà. Ní 1952 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn Largactil tọ́jú aláìsàn ọpọlọ ní Paris, ó sì ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n oògùn kì í béèrè bóyá ẹnìkan ń bá ọ jẹun nílé.

Ọmọ Yorùbá kan rí èyí. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo ní Aro, l'Abẹ́òkúta, fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ìletò tó yí ilé ìwòsàn ká. Ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa se oúnjẹ fún un. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn ará ìletò ṣiṣẹ́ oko. Ó pe àwọn adáhunṣe mọ́ra pẹ̀lú. Èmi kò lè bá a dé ìdí ètùtù, àmọ́ ti ìbátan yẹn wọ̀ mí lọ́kàn.

Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 19. Èlíjà ní kí òun kú. Áńgẹ́lì kò bá a wí. Àkàrà àti omi ló gbé fún un, ó sùn, ó tún jẹ. Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run bá a sọ̀rọ̀, tó sì fún un ní Èlíṣà.

Ẹni tó ń lo oògùn kò ṣẹ̀ sí ìgbàgbọ́. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí ọrùn ń le gan-an, tàbí tí itọ́ ń dà lẹ́nu, ẹ má pe oògùn náà ní májèlé, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín. Ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí àwọn kan fi ń de aláìsàn, mo bẹ̀ yín, ẹ tú u. Òfin ìlera ọpọlọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 ti fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́, àdúrà wa kò sì nílò ẹ̀wọ̀n.

Ìjọ yóò san owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìlọrin fún ẹbí tí kò bá ní. Ẹ rí ìyá díákónì lẹ́yìn ìsìn, kí ẹ mú káàdì ilé ìwòsàn dání. A ó yan ẹni tí yóò bá yín lọ.