Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ kí ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tó dé

Kakuri, Kàdúná

Àjọkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àǹtí rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Ọyẹ́ ọdún yìí le. Eruku ti bo gbogbo ilé, ètè àbúrò rẹ ti là, kò sì gbà kí n fi òrí pa á. Ewúrẹ́ funfun yẹn ti bímọ, méjì ló bí. Onílé tún ti fi kún owó ilé, bàbá rẹ ní àwọn máa lọ bá Alhaji sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Ìyẹn náà tó.

Kí ló dé tí o kì í gbé fóònù mọ́? Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp, mo rí i pé o ti gbọ́ ọ, o ò sì fọhùn. Àǹtí rẹ ní o wà, ó ní o ń jẹun, ó ní o ń lọ sí lẹ́sìn. Àǹtí rẹ kọ́ ló bí ọ. Mo mọ bí o ṣe máa ń dákẹ́ tí nǹkan bá ń jẹ ọ́ nínú. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí. Ìyá Ìbejì ń lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Rìgásà, Kubwa ni wọ́n máa bọ́ sí, mo sì ti bẹ̀ wọ́n pé ọwọ́ rẹ gan-an ni kí wọ́n fi lé, kí wọ́n má fún ẹlòmíràn.

Àjọkẹ́, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní àwọn kan ń gba owó lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe GCE ní Kubwa níbẹ̀, pé wọ́n máa kó yín lọ sí ibì kan lẹ́yìn ìlú, pé ìdáhùn á ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹni tó sọ fún mi ní òun rí nọ́ńbà rẹ láàárín àwọn tó wà nínú group wọn. Mo ní irọ́ ni. Mo tilẹ̀ bínú sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rántí pé o tún béèrè owó lẹ́sìn lọ́wọ́ mi nínú oṣù kan náà tí mo ti san án, mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mi ò lè dìde lọ dáná.

Ṣé òótọ́ ni? Mi ò tíì sọ fún bàbá rẹ.

Mo mọ̀ pé E8 tí o gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC yẹn dùn ọ́. Biology, Chemistry, Mathematics tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń sá fún, o gba credit nínú gbogbo wọn. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló dá ọ dúró, bẹ́ẹ̀ kò sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó máa gbà ọ́ bí o kò bá ní C6 nínú rẹ̀, ó kéré tán. O sunkún títí ojú rẹ fi wú. Mo ní kí o dákẹ́, mo ní ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n jókòó tì ọ́, ká jọ wo ibi tí máàkì ti sọnù.

Jẹ́ ká wò ó nísinsìnyí. Nínú Paper 2 ti WAEC, àròkọ ní máàkì 50, àkàyé ní 20, summary ní 30. Kà á pọ̀. Ìdajì ìwé yẹn, kíkà ni, kì í ṣe kíkọ. Wákàtí 2 sì ni gbogbo rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é tán pé àròkọ ló jẹ àkókò rẹ, pé o ń fagi lé e, o ń tún un kọ, nígbà tí o sì máa fi kan summary, o kàn ń da gbólóhùn inú àyọkà kọ bó ṣe wà. Ibẹ̀ ni E8 ti wá. Ẹni tó ń máàkì fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí o kà yé ọ, tí o bá wá da ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ọ́ padà fún un, kí ló fẹ́ fún ọ ní máàkì lé lórí?

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí o wà ní Primary 4, tí wọ́n bá fún yín ní àkàyé ṣe wá láti ilé, èmi ni mo máa ń sọ ìdáhùn fún ọ. O máa ka ìlà kan, o máa dúró, o máa wo ojú mi. Ó ti rẹ̀ mí nígbà yẹn. Mo ti fi ọ̀sán kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo tún ti fi ìrọ̀lẹ́ ṣe lẹ́sìn ilé nítorí owó. Mo máa ní, "Kọ ọ́ báyìí," o máa kọ ọ́, tíṣà rẹ á máàkì ẹ̀ tọ́. Mo sì ń yangàn láàárín àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi pé ọmọ mi mọ Gẹ̀ẹ́sì, torí mi ò fẹ́ kí ẹnì kan sọ pé ọmọ tíṣà ni kò lè kàwé. Tó bá wá jẹ́ pé o ti sanwó fún àwọn èèyàn yẹn, Àjọkẹ́, ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́kọ́ kọ́ ọ pé ìdáhùn lè ti ẹnu ẹlòmíràn wá. Mo fi òru méjèèjì yìí rò ó, mi ò rí ọ̀nà tí mo lè gbà yẹ̀ ẹ́.

Ìyẹn ò ní kí o máa fi owó lẹ́sìn parọ́ fún mi o! Owó ẹ̀wà àti gààrí ni mo fi ń ránṣẹ́ sí ọ.

O kò bá bàbá mi láyé. Kaduna Junction ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ rélùwéè. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń mú New Nigerian bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ìwé ìròyìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Kàdúná níbí ní 1966. Tí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á pè mí. Mo máa ka ìròyìn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní kí n pa á dé, kí n wá sọ ọ́ ní Yorùbá. Tí mo bá ń fi ọgbọ́n gbé e gba ibòmíràn, wọ́n máa mọ̀, torí ìbéèrè wọn kì í tán: Ta ló ṣe é? Kí ló dé tó fi ṣe é? Kí ni ìjọba wá sọ sí i? Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ inú ìwé dá wọn lóhùn, kò ní yé wọn. Àfi kó yé èmi ná. Ohun tí WAEC ń pè ní summary nìyẹn, Àjọkẹ́. Kí ẹni tí kò ka ìwé náà gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ láti ẹnu rẹ. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ mi, mo máa ń rò pé wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ ìròyìn ni. Mi ò sì ṣe irú rẹ̀ fún ìwọ, èmi tí mo kàwé jù wọ́n lọ.

Nítorí náà, máa ṣe é báyìí. Ka àyọkà kan lẹ́ẹ̀kan, má dúró, kí o ṣáà mọ ohun tó ń sọ. Ka ìbéèrè. Padà ka àyọkà lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ìbéèrè lọ́kàn. Lẹ́yìn náà, pa ìwé dé, sọ ọ́ fún ọmọ àǹtí rẹ ní Yorùbá. Tó bá jẹ́ Hausa ló máa ń tètè wá sí ọ lẹ́nu, sọ ọ́ ní Hausa fún ẹni tó gbọ́ ọ. Ìgbà tó bá ti já geere lẹ́nu rẹ ni kí o tó mú bírò, kí o kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tìrẹ. Tí wọ́n bá ní kí o mú ìdí mẹ́ta jáde ní gbólóhùn mẹ́ta, ìdí kan, gbólóhùn kan. Má fi àpẹẹrẹ kún un. Má ṣàlàyé rẹpẹtẹ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá ń kà á lọ́wọ́, má máa yí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí Yorùbá. Mo ti ń ṣọ́ ọ ní pálọ̀ níbí, ìwọ ò mọ̀. O máa fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, ètè rẹ á máa mì, tí o bá ti kan èyí tí o kò mọ̀, o ti mú fóònù. Nígbà tí o bá fi rí ìtumọ̀, o ti gbàgbé ohun tí gbólóhùn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ka gbólóhùn dé òpin ná. Wo eléyìí: "The old man was reticent, unlike his brother, who talked from morning till night." Ká ní o kò mọ reticent. Fi í sílẹ̀, máa lọ. Unlike ti sọ fún ọ pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí kò jọra. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Kí ni èkejì máa jẹ́, bí kì í bá ṣe ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀? Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún ọ, ìwọ lo rí i. Máa ṣọ́ although, however, despite, therefore, wọ́n á jẹ́ kí o mọ ibi tí ọ̀rọ̀ fẹ́ yí sí. Tí wọ́n bá sì ní kí o fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò èyí tó wà nínú àyọkà, ki tìrẹ bọ inú gbólóhùn kí o kà á wò. Ibi tí abandoned bá wà, deserted lè wọ ibẹ̀, desert ò lè wọ ọ́. Tí o bá kọ desert, o mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n máàkì ti lọ.

Ṣé o wà nínú group yẹn, Àjọkẹ́? Mo tún ń béèrè.

JAMB náà ń bọ̀. Ìbéèrè 180 ni, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ní 60, wákàtí 2 ni fún gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè kan ò ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ níwájú kọ̀ǹpútà kò ní lè kà á tán. Ìwé ìtàn tí wọ́n bá yàn, kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, má wo àgékúrú rẹ̀ tí wọ́n ń pín kiri.

Ojú kì í yá sí ìwé kíkà ní ọjọ́ kan. Ìdajì wákàtí lójúmọ́, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ojoojúmọ́. Tí ojú ìwé kan bá ní ju ọ̀rọ̀ márùn-ún tí o kò mọ̀ lọ, ìwé yẹn ṣì le jù fún ọ, gbé e sílẹ̀, mú èyí tó rọrùn, ì báà jẹ́ ìwé ọmọ àǹtí rẹ. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Àǹtí rẹ máa ń rí Daily Trust ní ọ́fíìsì, sọ fún un kó máa mú ti àná bọ̀ fún ọ.

Nọ́ọ̀sì lo fẹ́ ṣe. Láti kékeré lo ti ń sọ ọ́, o máa ń di aṣọ mọ́ ọwọ́ àbúrò rẹ, o máa ń fún un ní omi iyọ̀ ní abẹ́rẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sínú ìwé tó wà nínú páálí oògùn. Gẹ̀ẹ́sì ni dókítà máa kọ sínú fáìlì aláìsàn kó tó lọ sílé. Lóru, ní wọ́ọ̀dù, ta ni ó máa sọ ìdáhùn fún ọ? Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé kí wọ́n má fún irú aláìsàn báyìí ní oògùn kan, tí ìwọ wá kà á pé kí wọ́n fún un ńkọ́? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. WAEC lè dá èsì yín dúró, wọ́n lè fagi lé e, ìyẹn náà burú, ọdún kan ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ká ní wọn ò mú yín. Ká ní o gba B3. Àjọkẹ́, B3 yẹn ni mò ń bẹ̀rù ju F9 lọ.

Tí o bá ti sanwó, sọ fún mi. Má lọ béèrè rẹ̀ padà lọ́wọ́ wọn, mi ò mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Jẹ́ kó lọ. Kúrò nínú group, kí o pa nọ́ńbà wọn rẹ́. Mi ò ní sọ fún bàbá rẹ. Tó bá sì jẹ́ pé lẹ́sìn lo fi owó náà san lóòótọ́, ọmọ mi, dákun, má bínú sí mi. Ya fọ́tò rìsíìtì ránṣẹ́, ọkàn mi á balẹ̀.

Past question WAEC wà nínú àpò tí Ìyá Ìbejì gbé wá, díkíṣọ́nárì mi náà wà níbẹ̀, àti kúlíkúlí. Má fi díkíṣọ́nárì yẹn yá ẹnikẹ́ni. Mú àyọkà kan nínú past question lálẹ́ òní, èyí tó bá wù ọ́, kà á, pa á dé, kí o pè mí kí o sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá. Tí kò bá pé, mo máa béèrè ìbéèrè, lọ́la a ó tún ṣe òmíràn, títí ìdánwò á fi dé. Èmi ni mo máa ra káàdì. Tí mi ò bá gbọ́ ohùn rẹ títí di Sátidé, mo ń bọ̀ ní Kubwa.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.